Fílítà Ọ́ìlì Tó Há: Bí Ẹ Ṣe Lè Tú U Nílé Láìba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́

Ẹ má tíì tú ọ́ìlì dànù. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí, ìyẹn ló ń gba àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì nílé sílẹ̀ jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Bó ṣe sábà ń rí nìyí: èèyàn á wọ abẹ́ mọ́tò, á tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ páànù ọ́ìlì, ọ́ìlì á dà tán; ìgbà tó bá wá kan fílítà, agolo tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì, ni yóò rí i pé kò mira rárá. Kò sí ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì mọ́, mọ́tò ò ṣeé wà lọ ra sípánà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń wọlé, ìkánjú ló sì ń mú kí èèyàn ki nǹkan olórí ṣóńṣó bọ fílítà.

Ẹ kọ́kọ́ dán fílítà wò kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Bó bá há ju agbára yín lọ, ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ wà á lọ síbi tí ẹ ti máa rí irinṣẹ́ tó yẹ, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Lójú ọ̀nà kan náà, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lórí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rí i pé òun náà ń ṣí. Àmọ́ bí fílítà bá ti yí díẹ̀ pẹ́rẹ́, ẹ má gun mọ́tò náà lọ ibì kankan mọ́. Ẹ parí iṣẹ́ náà.

Ohun tó dì í mú gan-an

Ọ̀pọ̀ ló rò pé tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà yíyípo tí fílítà fi ń dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, ló ti dógùn-ún. Ó ṣọ̀wọ́n. Inú ọ́ìlì ni tírẹ́ẹ̀dì yẹn ń gbé tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì olómi tí wọ́n ń fọ́n sí bọ́ọ̀tì tó dógùn-ún kì í fi ran fílítà. Ńṣe ló kàn ń mú kí ara rẹ̀ máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ohun tó ń dì í mú ni òrùka rọ́bà tó yí ẹnu fílítà ká, níbi tó ti fẹnu ko ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é ni rọ́bà náà ti wà lábẹ́ ìtẹ̀, tí ooru sì ń lù ú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dáadáa máa ń tó 90 sí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá pẹ́, rọ́bà á tẹ́ pẹlẹbẹ, á le, á sì lẹ̀ mọ́ irin. Bí ẹni tó dè é kò bá fi ọ́ìlì pa rọ́bà náà kó tó gbé e sí i, á tún burú sí i, torí rọ́bà gbígbẹ kì í yọ̀ lórí irin, ó máa ń lọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ sípánà ni wọ́n fi dè é dípò ọwọ́, tàbí tí wọ́n fi í sílẹ̀ ju àsìkò ìpààrọ̀ kan lọ, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pe apá tó ní ihò, tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, ní ẹnu fílítà; ká pe apá tó dí pa ní ìdí rẹ̀. Agolo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara fílítà láti ìdí títí dé etí ẹnu. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni awo irin tó nípọn wà, inú awo yẹn sì ni tírẹ́ẹ̀dì wà. Ohun tó há wà lẹ́nu, ohun tí ọwọ́ yín ń dì mú sì jẹ́ agolo. Bí ẹ bá ń yí i láti àárín tàbí láti ìdí, agbára yín gbọ́dọ̀ gba ara agolo kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rọ́bà. Tí rọ́bà bá le ju agolo lọ, agolo ló máa lọ́ pọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó kù nínú iṣẹ́ yìí kò ju pé kí ẹ gbé agbára yín sún mọ́ ẹnu bó bá ti ṣeé ṣe tó.

Kí ẹ tó wọ abẹ́ mọ́tò

Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi jíà sí i, ẹ fi igi tàbí òkúta dí àwọn táyà tí kò ní kúrò nílẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé e níbi tí ìwé mọ́tò náà ní kí wọ́n ti gbé e, kí ẹ sì gbé e lé orí sítáǹdì irin. Jáàkì nìkan kò tó, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré lẹ fẹ́ lò lábẹ́ rẹ̀: fílítà tó há máa ń gba kí èèyàn fà tagbára-tagbára, mọ́tò tó wà lórí jáàkì nìkan sì lè yẹ̀ bí ẹ bá fà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ti mọ́tò náà láti ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Bó bá mì lórí sítáǹdì, ẹ tún un gbé.

Kí ẹ tó fi jíà sí i, kí ẹ sì tó gbé e sókè, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ sì pa á. Ohun tí ẹ ń wá ni kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Rọ́bà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń rọ̀ díẹ̀, ọ́ìlì náà á sì ṣàn dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìrìn àjò jíjìn lẹ ti ń bọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ọ́ìlì gbígbóná á bó èèyàn, àti pé lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà gan-an ni fílítà wà. Ẹ má fi iná kankan gbóná fílítà láéláé. Ọ́ìlì ló kún inú rẹ̀.

Ẹ fi àkísà àti omi ọṣẹ nu gbogbo ara fílítà títí ọ́ìlì àti ìdọ̀tí á fi kúrò, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má fojú kéré èyí. Ọ̀pọ̀ fílítà tí wọ́n ń pè ní èyí tó há, ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọwọ́ dì í mú.

Apá ibo lẹ máa yí i sí?

Ìbéèrè yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ọwọ́ ara wọn dè é le sí i. Ẹ ṣe bí ẹni tó dojú kọ ìdí fílítà, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sọ́hùn-ún: ẹ yí i ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí fílítà bá dorí kodò láti ara ẹ́ńjìnnì, abẹ́ lẹ ti máa wò ó. Bí ìdí rẹ̀ bá wà lókè, òkè lẹ ti máa wò ó. Bó bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìdí rẹ̀ kọjú sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló fara pamọ́ sí, tí ẹ kàn ń na ọwọ́ sí i láìrí i, ẹ fi bírò tàbí pẹ́ńtì ya ọfà sí ara rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọfà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fọkàn tán ohun tí ọwọ́ yín bá rò.

Ọwọ́ ni àkọ́kọ́

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gbẹ. Ẹ di fílítà mú ní ẹnu, kì í ṣe ní ìdí, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bí àyè bá wà. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, kí agbára máa pọ̀ sí i, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ irin máa ń jọ̀wọ́ fún ìfà tó dúró ju bó ṣe ń jọ̀wọ́ fún ìjá òjijì lọ; ìjá òjijì ló ń ya agolo.

Bí ọwọ́ bá ń yọ̀, ẹ wé sáńdípépà tó le, irú èyí tí wọ́n kọ 80 sí, mọ́ ara rẹ̀, kí ojú tó ní iyanrìn kọjú sí fílítà. Ẹ tún un dì mú. Ẹ máa rí i pé fílítà tó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ máa jọ̀wọ́ níbẹ̀ láìlo sípánà kankan.

Sípánà, àti ibi tí ẹ máa gbé e sí

Oríṣi tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni sípánà onífìlà, èyí tó ń bo ìdí fílítà mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà, tí ó sì ń wọnú àwọn igun tó wà lára ìdí náà. Lóòótọ́, ìdí ló ti ń dì í mú, ṣùgbọ́n gbogbo ara ìdí ló dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, agolo kì í tètè rún. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ bá ara mu: bí ìdí fílítà ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà, àti iye igun tó ní. Fún ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ó máa ń wà láàárín mílímítà 64 sí 76, pẹ̀lú igun 14 tàbí 15. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí: àwọn èèyàn máa ń fi fílítà tuntun tó wà lọ́wọ́ wọn wọn sípánà nígbà tí wọ́n bá lọ rà á. Èyí tó há ni kí ẹ wọ̀n. Ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, kí igun rẹ̀ má sì bá ti tuntun dọ́gba. Sípánà onífìlà tó fi mílímítà kan péré tóbi jù á bó àwọn igun náà kúnná, ọ̀nà yẹn á sì dí mọ́ yín.

Bí fìlà bá ń yọ̀, ó kan sípánà onígbàjá, èyí tó ní ìgbàjá irin tàbí ti awọ tó ń fún fílítà pọ̀ bí ẹ ti ń fà á. Ẹ tì í sókè títí ìgbàjá náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ẹ́ńjìnnì, kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì sí ẹnu fílítà. Ibẹ̀ ni awo tó nípọn wà nínú lọ́hùn-ún tó ń gbé agolo dúró. Bí ìgbàjá bá fún un níbẹ̀, agolo ò ní ibi tó máa rún lọ. Bó bá ń yọ̀, ẹ wò ó bóyá òdì lẹ gbé e sí: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìgbàjá ti ń fún nǹkan pọ̀. Ẹ yí sípánà náà dojú dé, kí ẹ tún un fà. Sáńdípépà tí ẹ bá fi sí abẹ́ ìgbàjá náà máa ń ṣe bẹbẹ.

Ìṣòro tí ìgbàjá kan ní ni pé bó ṣe ń yí fílítà náà ló tún ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá lè rí sípánà onígbàjá méjì, ẹ gbé wọn kọjú síra, kí ọwọ́ ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, kí ti èkejì wà lápá òsì, kí àwọn méjèèjì máa yí i sí apá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfà ẹ̀gbẹ́ á parẹ́, gbogbo agbára á di yíyí. Ọ̀nà yìí la fẹ́ràn jù fún fílítà tó há gan-an, torí kì í bà nǹkan kan jẹ́.

Sípánà oníṣéènì lágbára ju ìgbàjá lọ, ó sì máa ń bu agolo jẹ, nítorí náà ẹnu nìkan ni kí ẹ lò ó sí. Sípánà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń há mọ́ ìdí fílítà bí ẹ ti ń yí i, wúlò níbi tí àyè ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ti lè dé ibẹ̀. Púláyà fílítà dára fún ibi tó há. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì fún un dáadáa kí ẹ tó yí i.

Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, bẹ́líìtì fáànù àtijọ́ tó gbẹ lè ṣe iṣẹ́ ìgbàjá. Ẹ wé e mọ́ ẹnu fílítà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ki irin tó gùn bọ inú ìyókù rẹ̀, kí ẹ fi lọ́ ọ títí á fi fún, kí ẹ wá fà.

Nígbà tó bá máa jọ̀wọ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìró kékeré kan á dún bí ìgbà tí wọ́n bó pílásítà kúrò lára, sípánà á ṣí kúrò níbi tó dúró sí, ọ́ìlì tín-ín-rín á sì yọ yí etí ẹnu ká. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má tíì yọ ọ́.

Ẹ fi ọwọ́ dá a padà kí ó sinmi lórí rọ́bà rẹ̀, kí ẹ wá lọ tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì dà títí yóò fi di ìkán-kán, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ dá bọ́ọ̀tì náà padà pẹ̀lú wáṣà tuntun. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, dídè rẹ̀ wà láàárín 30 sí 40 N·m (òṣùwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dè bọ́ọ̀tì), ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé mọ́tò yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ gbé abọ́ sí abẹ́ fílítà, kí ẹ wá fi ọwọ́ tú u kúrò. Ọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹ dojú ẹnu rẹ̀ sókè bí ó bá ti bọ́.

Bí agolo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rún

Ẹ dáwọ́ dúró. Agolo tó ti rún lẹ́ẹ̀kan kò ní agbára mọ́ níbi tó ti rún, ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá fà á níbẹ̀ ló máa ya. Ẹ sún sípánà sókè sí ibi tí kò tíì rún, súnmọ́ ẹnu. Ẹ yọ jíà kúrò, kí ẹ tún ẹ́ńjìnnì sítáàtì fún ìṣẹ́jú 2 kí rọ́bà tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ lè ṣe èyí níwọ̀n ìgbà tí ọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀ tí agolo kò sì jò, ìdí mìíràn tó fi yẹ kí bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ dúró.

Ọ̀pọ̀ máa ń gbọ́ pé kí wọ́n fi òòlù gún sikurudíráfà gba inú fílítà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí wọ́n wá fi yí i. A kò gbà yín níyànjú láti ṣe é. Àárín agolo, níbi tó ti rọ̀ jù, ni ọ̀nà yìí ń gbé gbogbo agbára lé. Bí rọ́bà bá há débi pé ìgbàjá méjì ò lè tú u, sikurudíráfà á kàn ya agolo náà bí ìwé ni. Ẹ máa wá ní fílítà tó há, tó ya, tó ń da ọ́ìlì sílẹ̀, tí kò sì sí ibi tí sípánà lè dì mú lára rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ṣì máa ṣe é torí kò sí ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ tú ọ́ìlì sínú abọ́, ẹ wọ awò ojú, kí ẹ sì gún un ní ibi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 ó kéré tán sí ojú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì tí fílítà ń dè mọ́ máa ń yọ wọnú agolo. Bí ẹ bá gún un súnmọ́ ẹnu jù, ọ̀pá yẹn lẹ máa bà jẹ́, ìyẹn sì burú ju fílítà tó há lọ.

Bó bá ku awo ẹnu nìkan lára ẹ́ńjìnnì

Èyí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, ṣùgbọ́n ó ṣeé yanjú, bí ẹ ò bá ti kánjú. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù gé ìyókù agolo kúrò yípo, kí ẹ fa pépà inú rẹ̀ jáde. Ohun tí ẹ máa rí ni awo irin roboto, ihò kéékèèké yí i ká, ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì sì yọ jáde láàárín. Ọ̀pá náà ní ihò nínú, ihò yẹn ni ọ́ìlì tó ti mọ́ ń gbà padà wọ ẹ́ńjìnnì lọ sí àwọn bẹ́rìn. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà mímọ́ tí kò ní fọ́nrán dí i. Èérún irin tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò ní bá fílítà kankan pàdé mọ́.

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni irin pẹlẹbẹ kan tí ẹ lu ihò méjì sí lára, kí ihò méjèèjì jìn síra bí ihò méjì tó dojú kọra lórí awo náà. Ẹ ki bọ́ọ̀tì méjì bọ̀ ọ́, kí orí wọn tó yọ sódì kejì wọnú ihò awo. Ẹ lu ihò ńlá sáàárín irin náà kí ọ̀pá lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá wá fi sípánà yí irin náà, awo gangan lẹ ń yí, kì í ṣe agolo mọ́. Púláyà ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tó lágbára lè ṣe irú iṣẹ́ yìí bí ẹ bá ki ẹnu rẹ̀ méjèèjì sínú ihò méjì tó dojú kọra.

Bí ìyẹn bá kọ̀, ẹ mú ṣísẹ́lì tí ẹnu rẹ̀ ti kújú díẹ̀. Ẹ gbé e sí etí awo ní dídagun, kí ẹ fi òòlù kékeré lù ú ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Lílù kéékèèké ni, ẹ sì máa yí ibi tí ẹ ń lù padà yípo etí náà. Ojú ẹ́ńjìnnì tí rọ́bà ń jókòó lé máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, ó rọ̀ ju ṣísẹ́lì lọ. Ìlà kan tí ẹ bá fà sí i lójú yẹn á máa jo ọ́ìlì títí láé.

Ẹ rántí pé rọ́bà ló dì í mú. Bí àyè tín-ín-rín bá wà láàárín awo àti ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ìkọ́ tín-ín-rín tàbí abẹ fà á jáde ní wẹ́wẹ́. Bí apá tó pọ̀ nínú rọ́bà bá ti kúrò, ìtẹ̀ á dẹ̀, ọwọ́ lẹ sì máa fi yí awo náà.

Nígbà mìíràn, fílítà á tú wọ́ọ́rọ́, àmọ́ ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì á bá a jáde. Kì í ṣe ìjàm̀bá. Ẹ há nọ́ọ̀tì méjì mọ́ra wọn lórí apá ọ̀pá tó yọ, kí ẹ fi tú u kúrò nínú fílítà. Ẹ wo tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa. Bó bá ti jẹ, ẹ ra tuntun. Bó bá dára, ẹ nu ọ̀rá kúrò lára apá tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi gúlúù tírẹ́ẹ̀dì tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n sí i, kí ẹ dè é padà bí ìwé mọ́tò ṣe wí.

Fílítà onípépà tó wà nínú ìdérí

Àwọn mọ́tò kan ò ní agolo. Pépà fílítà nìkan ló wà nínú ilé kan, ìdérí oníke tàbí ti alumíníọ̀mù sì bò ó. Níbí, àrékérekè kankan ò dára. Sípánà tó yẹ ìdérí náà gan-an ni kí ẹ lò: òmíràn ń gba fìlà onígun 14, òmíràn ń gba sọ́kẹ́ẹ̀tì 27, 32 tàbí 36 lórí igun mẹ́fà tó wà lórí rẹ̀. Púláyà, ṣéènì àti ṣísẹ́lì á fọ́ ike náà ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Bí ìdérí bá sán, tuntun ló kù; ìdérí tó sán lè jáwọ́ nígbà tí ọ́ìlì bá ń tì í. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ pààrọ̀ òrùka rọ́bà rẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì pa á, kí ẹ sì dè é dé iye tó wà lára ìdérí fúnra rẹ̀. 25 N·m ni ọ̀pọ̀ wọn kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un kí ó má baà jò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un.

Kí tuntun má baà há bí ti àtijọ́

Ẹ fi ìka yín gba ojú ẹ́ńjìnnì níbi tí rọ́bà ti jókòó, yípo. Ẹ wo fílítà àtijọ́: ṣé òrùka rọ́bà rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀? Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì ló lẹ̀ mọ́, dúdú lórí dúdú, ojú lè má tètè rí i. Bí ẹ bá dé tuntun lé e lórí, rọ́bà méjì á wà níbẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé ó dè dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ìtẹ̀ ọ́ìlì bá dé, á fò jáde, ọ́ìlì á sì dà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti kú báyìí rí láìmọye.

Ẹ fi fílítà tuntun wé ti àtijọ́: kí òrùka rọ́bà wọn fẹ̀ bákan náà, kí tírẹ́ẹ̀dì wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Tírẹ́ẹ̀dì M20×1.5 (ìwọ̀n mílímítà) àti ti 3/4-16 (ìwọ̀n íǹṣì) súnmọ́ra débi pé ọ̀kan lè fẹ́ gun èkejì fún ìyípo kan tàbí méjì. Bí kò bá gùn ún wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọwọ́, ẹ yọ ọ́.

Ẹ fi ìka tó ní ọ́ìlì tuntun pa òrùka rọ́bà náà yípo. Ìkán ọ́ìlì méjì tó, òun ló sì máa pinnu bóyá ìpààrọ̀ tó ń bọ̀ máa rọrùn. Bí fílítà bá dorí kodò, ẹ lè rọ ọ́ìlì sínú rẹ̀ dé ìdajì. Ẹ fi ọwọ́ dè é títí rọ́bà á fi kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi bírò fàlà sára rẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ wá fi ọwọ́ yí i sí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan, àyàfi bí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá yàtọ̀. Ìlà yẹn ló máa fi hàn yín. Ẹ má fi sípánà dè é.

Ẹ gba àrọ rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Bí ìwé bá ní lítà 4, ẹ kọ́kọ́ rọ 3.5, kí ẹ fi ọ̀pá géèjì wò ó kí ẹ tó fi kún un. Ẹ yọ jíà kúrò, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má fẹsẹ̀ tẹ àkísẹ̀lérétọ̀. Iná pupa ọ́ìlì yẹ kí ó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bó bá kọjá 10 tí kò kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá kú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tan iná sí ẹnu fílítà àti bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún géèjì wò, torí fílítà ti mu ọ́ìlì díẹ̀.

Ẹ dojú fílítà àtijọ́ dé sínú abọ́ di ọjọ́ kejì kí ọ́ìlì inú rẹ̀ kán tán. Ẹ rọ gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọ́ìlì tí wọ́n ti lò. Ẹ má dà á sí ilẹ̀ tàbí gọ́tà. Kí ẹ tó sọ mọ́tò kalẹ̀ látorí sítáǹdì, ẹ kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sára fílítà tuntun, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ibi tí ẹni tó bá ń bọ̀ wá tú u lè rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi dè é.